Ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn wa, kí la lè ṣe? Ìbéèrè tó ń wá jù àti ìdáhùn wọn

Láti ìgbà ìwọ́de EndSARS ti 2020 ni àwọn ìbéèrè yìí ti ń wọlé, tó bá sì ti di oṣù December tí ọlọ́pàá kún ojú títì, ńṣe ló tún máa ń pọ̀ sí i. Mo kó àwọn tó ń wá jù jọ síbí kí n má bàa máa dá èèyàn kọ̀ọ̀kan lóhùn. Nàìjíríà ni mò ń sọ o, pàápàá ìpínlẹ̀ tiwa nílẹ̀ Yorùbá. Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí yín ni, ẹ fo gbogbo ìyókù, ẹ lọ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ òkú àti ìsìnkú ná, torí ìyẹn ò lè dúró.

Ìgbà wo gan-an ni òfin gba ọlọ́pàá láyè láti yìnbọn lu èèyàn?

Ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ wò ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 33. Ó ní kálukú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà láàyè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ pa á àfi tí kọ́ọ̀tù bá dájọ́ ikú fún un. Ó wá yọ ìgbà mẹ́ta sílẹ̀: tí wọ́n bá ń gba èèyàn tàbí dúkìá lọ́wọ́ ẹni tó ń fipá kọlù wọ́n, tí wọ́n bá ń mú ẹni tí òfin ní kí wọ́n mú tàbí tí wọn ò fẹ́ kí ẹni tó wà látìmọ́lé sá lọ, àti tí wọ́n bá ń paná rògbòdìyàn tàbí ọ̀tẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan ló de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí wọn kì í rántí sọ fún yín, ìyẹn ni pé agbára tí wọ́n lò ò gbọdọ̀ ju èyí tó pọn dandan lọ. Ẹni tó kọ̀ tí ò fún wọn lówó, ẹni tó bá wọn jiyàn, ẹni tó ṣẹ́rí mọ́tò padà kó má bàa kan ibi tí wọ́n dúró sí, kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tó ń bí mi nínú ni pé òfin àtijọ́ kan ṣì wà nílẹ̀, Criminal Code (ìwé òfin ọ̀daràn) abala 271. Ó ní tí ọlọ́pàá bá fẹ́ mú ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ la ikú lọ tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sókè, tí onítọ̀hún sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, tí kò sí ọ̀nà míì tí wọ́n fi lè mú un, wọ́n lè pa á. Kò bèèrè bóyá ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀ o, kò bèèrè bóyá ó fẹ́ ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Irú èrò yẹn náà ni wọ́n fi kọ Force Order 237 àtijọ́, ìyẹn ìlànà táwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ń tẹ̀ lé lórí ìbọn kí wọ́n tó tún un gbé yẹ̀ wò ní 2019, tí Amnesty International sì ti pariwo lé lórí láti 2009. Nítorí náà tí lọ́yà wọn bá dé kọ́ọ̀tù tó ní “ó ń sá lọ ni,” kì í ṣe pé ó ń ṣeré, òfin yẹn ló fẹ́ sá sí lẹ́yìn. Kí lọ́yà tiyín rán wọn létí pé abala 33 ló jù, kó sì bi wọ́n pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ́ mú un, ọdún mélòó ni ẹ̀wọ̀n ẹ̀, ṣé wọn ò lè sáré mú un ni, ṣé wọn ò mọ ilé ẹ̀ ni.

Wọ́n ní ìbọn ló ṣèèṣì dún. Ṣé ó ti parí síbẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Accidental discharge yìí, a ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wa. Ẹ jẹ́ ká wo ìbọn náà fúnra ẹ̀, AK-47 tí wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká yẹn. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lápá ọ̀tún, tí irin yẹn bá ti wà lókè, èèyàn lè fa trígà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dún. Ọlọ́pàá á kọ́kọ́ tẹ irin yẹn wálẹ̀, á wá fa irin tí wọ́n fi ń kọ́ọ̀kì ẹ̀ sẹ́yìn, á jù ú sílẹ̀ kí ọta lè wọlé, kí ìka ẹ̀ tó wá kan trígà. Tó bá wá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ṣèèṣì, ta ló ní kó ti kọ́ọ̀kì ìbọn sílẹ̀ láàárín èrò? Kí ló dé tí ẹnu ìbọn fi kọjú sí èèyàn, tí kò kọjú sílẹ̀? Kódà kí kọ́ọ̀tù gbà pé kò mọ̀ọ́mọ̀, àìbìkítà tó la ẹ̀mí lọ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, manslaughter ni, ó sì lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n gbére.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí ò mọ̀, ìwé arámúrì. Kí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn jáde ní téṣàn, ó máa ń buwọ́ lùwé pé òun gba ìbọn tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ báyìí, ọta báyìí ló wà nínú ẹ̀, tó bá sì dá a padà wọ́n á ka ọta. Ẹ wo ẹjọ́ Bolanle Raheem. Lọ́yà ni, ó lóyún, ọjọ́ Kérésìmesì 2022 ni wọ́n yìnbọn lù ú lábẹ́ bíríìjì Ajah nínú mọ́tò tí òun àwọn ẹbí ẹ̀ jọ wà. ASP Drambi Vandi ti téṣàn Ajiwe ní òun ò jẹ̀bi, àmọ́ ẹ̀rí jáde ní kọ́ọ̀tù pé ọta 25 ni wọ́n fún un, nígbà tí wọ́n sì yẹ ìbọn ẹ̀ wò, méjì ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀ náà jẹ́rìí. October 9, 2023 ni Adájọ́ Ibironke Harrison ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé nínú ìwé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa kọ, ẹ bèèrè tààràtà pé kí wọ́n gba ìwé arámúrì ọjọ́ yẹn sílẹ̀ àti ìbọn náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Tó bá fi pẹ́ díẹ̀, ẹ máa gbọ́ pé òjò pa ìwé.

Mùsùlùmí ni wá, òkú kì í sun ilé wa. Ṣé ká sin ín?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, mi ò sì ní díbọ́n pé ó rọrùn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, ìyá ń ké, àwọn àgbà ń sọ pé ẹ jẹ́ ká tètè dá a padà fún Ẹlẹ́dàá ẹ̀, àwọn ọlọ́pàá náà sì lè dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní kò sí wàhálà, ẹ máa gbé e lọ. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fura gan-an nìyẹn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Òkú yẹn ni ẹ̀rí tó tóbi jù tẹ́ ẹ ní. Dókítà tó mọ iṣẹ́ lè sọ bóyá iwájú ni ọta ti wọlé àbí ẹ̀yìn, ẹni tí wọ́n sì yìnbọn lù lẹ́yìn, ó ṣòro kó jẹ́ ẹni tó ń kọlù wọ́n lásìkò yẹn. Ó lè sọ bóyá ìbọn sún mọ́ ọn, torí tó bá sún mọ́ ọn, àmì ẹ̀tù á wà lára tàbí lára aṣọ. Tí ọta bá ṣì wà nínú ara, wọ́n lè fi wé ìbọn tó wà ní téṣàn. Tẹ́ ẹ bá ti sin ín láìṣe àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ ẹnu yín àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló kù, ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà gbọ́.

L'Ékòó, òfin coroner ti wà láti 2007. Ó sọ pé ikú tó bá ti ìwà ipá wá, tàbí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, dandan ni kí wọ́n fi tó coroner létí, májísíréètì sì ni coroner yìí, òun ló lè ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú, òun ló sì máa pe àwọn ẹlẹ́rìí láti mọ ohun tó pa èèyàn. Ẹ ò ní láti dúró de ọlọ́pàá kí wọ́n tó sọ ọ́ o, ẹbí lè lọ sọ ọ́ fúnra wọn. Kẹ́ ẹ bá ímáàmù yín sọ̀rọ̀, ẹ ṣàlàyé pé wọ́n pa á ni, kì í ṣe pé ó kú lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ àlùfáà ló yé pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀. Ẹ bẹ coroner kí wọ́n tètè ṣe é, kẹ́ ẹ sì bèèrè pé kí dókítà tó ń ṣojú ẹbí wà níbẹ̀.

Aṣọ tó wọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́! Mo mọ̀ pé ìyá ò ní fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòòji, ẹ wé e sínú bébà, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kó rà. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn ọlọ́pàá ló gbé òkú lọ, ẹ bèèrè orúkọ mọ́ṣúárì àti nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ti sin tiwọn, ẹ má sọ̀rètí nù. Òfin gbà kí wọ́n hú òkú fún àyẹ̀wò tí coroner tàbí kọ́ọ̀tù bá pàṣẹ ẹ̀. Ó le, ó sì máa ń dunni wọra, àmọ́ ó ṣeé ṣe.

Wọ́n ti lé ọlọ́pàá náà kúrò níṣẹ́, kí la tún ń wá?

Ẹjọ́ lẹ̀ ń wá. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbà, ó sì wu àwọn ọ̀gá wọn pé kẹ́ ẹ rò pé ẹyọ kan ni. Àkọ́kọ́ ni ìjìyà inú ilé, orderly room tí wọ́n ti ń dájọ́ fún inspẹ́kítọ̀ wálẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀gá, Police Service Commission ní Àbújá ló máa jẹ ẹ́ níyà, torí ìwé òfin ti fún àjọ yìí lágbára láti gba ọlọ́pàá síṣẹ́, láti gbé e ga, láti lé e, àyàfi IG nìkan. Ìkejì ni ẹjọ́ ìpànìyàn ní kọ́ọ̀tù. Ìkẹta ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ẹbí pè fún owó ìtanràn. Ọ̀kan ò dí ìkejì lọ́wọ́.

Ẹ rántí Kolade Johnson tí wọ́n yìnbọn pa ní March 31, 2019 ní Mangoro l'Ékòó, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wo bọ́ọ̀lù Liverpool àti Tottenham lọ́jọ́ Sunday. Àwọn ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ẹgbẹ́ òkùnkùn ló yìn ín, kì í ṣe SARS, ẹ̀ka tó ń gbógun ti adigunjalè, bí gbogbo ayé ṣe ń pariwo nígbà náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ orderly room ti lé inspẹ́kítọ̀ náà dànù, wọ́n sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Ìléníṣẹ́ yẹn máa ń yá, torí ó máa ń pa ariwo lẹ́nu. Èyí tó máa ń fà ni fáìlì tó gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ State CID, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí (Panti l'Ékòó, Ìyágànkú n'Íbàdàn, Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́ràn l'Ábẹ́òkúta) dé ọ̀dọ̀ DPP, ọ̀gá àwọn lọ́yà tó ń bá ìjọba pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ní mínísírì ìdájọ́, kí DPP tó sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀. Àárín ibi méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ máa ń kú sí. Ẹ béèrè nọ́ńbà fáìlì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì DPP fúnra yín lọ béèrè bóyá ó ti dé, ẹ tún lọ, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ọmọ yín ló kú.

Wọ́n ń sọ pé adigunjalè lọmọ wa, wọ́n ní wọ́n bá ìbọn lára ẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá pè é ní adigunjalè, wọ́n á ní ọmọ Yahoo ni, tàbí ẹgbẹ́ òkùnkùn, torí wọ́n mọ̀ pé tí àdúgbò bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, àánú tán nìyẹn. Àwọn Apo Six náà, ọ̀dọ́ mẹ́fà tí ọlọ́pàá pa l'Ábújá ní June 2005, adigunjalè ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n, kó tó hàn pé irọ́ ni. Kódà tó bá jẹ́ òótọ́ pé ó jalè, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti mú un lọ kọ́ọ̀tù, kì í ṣe láti pa á, ìwé òfin sì ní ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì ni kí wọ́n fi gbé e dé iwájú adájọ́, bí kọ́ọ̀tù bá ṣe jìnnà sí. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ tètè wá ẹni tó rí i láàyè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó rí i nínú mọ́tò wọn tí wọ́n ti so ọwọ́ ẹ̀, ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ ní káúńtà, ẹni tó gbé oúnjẹ lọ fún un ní téṣàn. Ẹlẹ́rìí kan báyìí tó gan-an, torí ẹni tí wọ́n ti mú, tó ti wà lọ́wọ́ wọn, kò lè tún máa bá wọn yìnbọn síra wọn.

Baálẹ̀, pásítọ̀, àwọn àgbà àdúgbò ti wá bẹ̀ wá. DPO náà gbé owó ìsìnkú wá. Ṣé ká gbà á?

Ẹ gba ẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn tó bá wù yín, ìdáríjì ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni. Àmọ́ ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan. Ìpànìyàn kì í ṣe ẹjọ́ láàárín ẹbí méjì, ìjọba ló ni ẹjọ́ yẹn, ẹbí ò lè “jáwọ́” níbẹ̀. Kódà, kí èèyàn gba owó kó bàa lè bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tún ni lábẹ́ Criminal Code, tí wọ́n bá sì fẹ́ dójú tì yín lọ́la, ìwé yẹn náà ni wọ́n máa yọ jáde. Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń gbé wá tí wọ́n á kọ ọ́ sí pé “ẹbí ò ní in lọ́kàn láti ṣe àyẹ̀wò òkú, wọ́n sì ti gbà pé kádàrá ni.” Tẹ́ ẹ bá ti rí gbólóhùn tó jọ èyí, ẹ dìde níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ ya àgbà lójú o. Ẹ kàn sọ fún wọn pé, “Bàbá, a gbọ́, a dúpẹ́, ẹ jẹ́ ká bá lọ́yà wa sọ̀rọ̀.” Kò sí àgbà tó máa bínú sí ìyẹn.

Ọdún mélòó ló máa gbà?

Ẹjọ́ Vandi ò tó oṣù mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn títí dé ìdájọ́, kíá ni fún Nàìjíríà. Ẹjọ́ Apo Six ńkọ́? June 2005 ni wọ́n pa wọ́n, March 2017 ni kọ́ọ̀tù tó dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá méjì, wọ́n dá àwọn yòókù sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì ti sá lọ tipẹ́. Ohun tó fa ìyàtọ̀ kì í ṣe oríire lásán. Ní ti Ajah, lọ́yà ni wọ́n pa, àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ ẹ̀ dìde, ọ̀sán gangan ni, ẹlẹ́rìí wà nínú mọ́tò, kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ Èkó fúnra ẹ̀ ló sì ń rojọ́ tako ọlọ́pàá náà. Ẹ máa rántí pé kó tó pé oṣù kan ṣáájú, ọlọ́pàá téṣàn yẹn kan náà ni wọ́n ní ó yìnbọn pa ọkùnrin kan ládùúgbò yẹn, ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tó ń ka èyí, mélòó nínú yín ló rántí ìyẹn? Kì í ṣe ẹ̀bi yín o, bó ṣe rí nìyẹn fún ẹni tí kò sí ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀.

A ò lówó lọ́yà.

Ẹjọ́ ìpànìyàn fúnra ẹ̀, ìjọba ló ń pè é, ẹ ò san nǹkan kan. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ẹ nílò lọ́yà fún, Legal Aid Council wà, l'Ékòó Office of the Public Defender wà, National Human Rights Commission náà máa ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ka NBA (ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà) tó wà nílùú yín náà, àwọn lọ́yà tó máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀.

Ṣé kò ti pẹ́ jù? 2021 ni ti ẹ̀gbọ́n mi ṣẹlẹ̀.

Kò pẹ́ jù. Lọ́yà ọlọ́pàá máa ń sáré sọ pé oṣù mẹ́ta péré ni òfin gbà láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́, àmọ́ ìlànà tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti 2009, sọ ọ́ kedere pé kò sí gbèdéke àkókò kankan lórí irú ẹjọ́ yìí. Ìpànìyàn náà ò ní ọjọ́ tó ń kú.

Tí kọ́ọ̀tù bá ní kí wọ́n san owó, ṣé wọ́n máa ń san?

Hmm. Ibi tí mo ti máa ń dákẹ́ díẹ̀ nìyí. Kọ́ọ̀tù ti dá ọ̀pọ̀ owó fáwọn èèyàn, púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣì wà lórí bébà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó yẹn látinú àkáǹtì ìjọba ní báńkì, òfin kan wà, Sheriffs and Civil Process Act, abala 84, tó ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ Attorney-General. Ẹ rò ó wò, ọkùnrin tó jẹ́ lọ́yà ìjọba ni kó fún yín láyè láti gba owó ìjọba! Ìyàtọ̀ tí mo mọ̀ ni ti ìgbìmọ̀ EndSARS Èkó, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí ọlọ́pàá, wọ́n dá bíi ₦410 mílíọ̀nù fún àádọ́rin olùpẹ̀jọ́, wọ́n sì fi ṣẹ́ẹ̀kì lé ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Kí ni gbogbo ìgbìmọ̀ EndSARS yẹn wá mú jáde?

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, inú ń bí èmi náà. SARS tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1992 láti mú adigunjalè, ẹ mọ ohun tó dà. Amnesty kọ ọ́ sílẹ̀ ní June 2020 pé ó kéré tán 82 ni ìṣẹ̀lẹ̀ ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn tí àwọn rí láàárín January 2017 sí May 2020. Wọ́n ti “tún un ṣe” lọ́dọọdún kó tó di pé IG Mohammed Adamu fòpin sí i ní October 11, 2020, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà wọ́n ti dá ẹ̀ka míì tí wọ́n pè ní SWAT sílẹ̀ dípò ẹ̀. L'Ógbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fòpin sí i yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn pa Jimoh Isiaq níbi ìwọ́de.

Ìgbìmọ̀ Èkó, tí Adájọ́ Doris Okuwobi ṣalága ẹ̀, gba ẹ̀sùn tó lé ní igba, ó sì gbé ìwé jáde ní November 2021. Ohun tó sọ nípa ìbọn tí wọ́n yìn níbi ìwọ́de Lẹ́kkí ní October 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sílẹ̀. Ní July 2024, kọ́ọ̀tù ECOWAS ní Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn mẹ́ta tó pe ẹjọ́ lójú, wọ́n ní kí wọ́n san ₦2 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọn ò gbà pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ láti wà láàyè lójú nínú ẹjọ́ yẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, August 2024, ìwọ́de tún ṣẹlẹ̀, Amnesty ní ó kéré tán èèyàn 24 ni ọlọ́pàá pa.

Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé asán ni. Àwọn ẹbí tó ti ń sunkún nínú ilé jáde, wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé yẹn ṣì wà, lọ́yà lè fi wọ́n ṣe ẹ̀rí.

Ṣé mo lè fi fóònù gba fídíò ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ lójú títì?

Kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ẹ má kàn dí wọn lọ́wọ́, ẹ má sì sún mọ́ wọn tí ìbọn bá ti wà lọ́wọ́ wọn tí inú sì ń bí wọn, fóònù kankan ò tó ẹ̀mí. Ẹ rántí gba nọ́ńbà mọ́tò wọn àti orúkọ tó wà láyà wọn, tí kò bá sí orúkọ láyà wọn, ẹ sọ ọ́ sínú fídíò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n máa ń gba fóònù pa fídíò rẹ́. Ẹ tọ́jú fídíò bẹ́ ẹ ṣe gbà á, èyí tó bá ti gba WhatsApp kọjá máa ń ṣókùnkùn, ọjọ́ àti àkókò tó wà nínú ẹ̀ sì lè sọnù.

Àwọn ọlọ́pàá náà ńkọ́? Wọ́n ń pa wọ́n náà.

Òótọ́ ni. Adamu sọ pé ọlọ́pàá 22 ló kú nínú rògbòdìyàn October 2020, wọ́n jó téṣàn lóríṣiríṣi, ìyàwó àwọn yẹn náà wà nílé. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ló ń sùn nínú bárékè tó ń jò, tí wọ́n ń fowó ara wọn ra yunifọ́ọ̀mù. Mo bá wọn kẹ́dùn. Kò sì kan ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n yìnbọn lù nínú mọ́tò lábẹ́ bíríìjì.

Tó bá jẹ́ sójà, kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí Àmọ̀tẹ́kùn ló yìn ín ńkọ́?

Abala 33 kan náà ló de gbogbo wọn. Àmọ̀tẹ́kùn, òfin ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀, nítorí náà gómìnà àti DPP ìpínlẹ̀ lẹ máa kọ̀wé sí, ọlọ́pàá ló sì máa ṣèwádìí. Kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn ará Ìdí-Ìrókò mọ̀ wọ́n dáadáa, ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. Sójà ló le jù, wọ́n á ní kóòtù tiwọn làwọn fẹ́ lò, ẹ má gbà kó parí sí ìyẹn nìkan.

London ni mo wà. Kí ló dé tí a ò lè ṣe bíi tibí?

Níbẹ̀ tí ọlọ́pàá bá yìnbọn pa èèyàn, àjọ kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá, IOPC, ló máa ṣèwádìí. Àwọn ẹbí níbẹ̀ náà ń ráhùn o, kì í ṣe pé gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń jẹ. Àmọ́ kì í ṣe àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ní káńtíìnì ló ń wádìí ara wọn. Tiwa, State CID tí ń wádìí náà, abẹ́ CP (kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀) kan náà ni àwọn àti ẹni tó yìnbọn jọ wà. Police Act 2020 tí Buhari buwọ́ lù ní September 2020, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀, dára ju ti àwọn Òyìnbó tó ṣáájú ẹ̀ lọ níbi púpọ̀, ó ní kí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú wà, inú ọlọ́pàá náà ni ẹ̀ka yẹn wà ṣá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ̀yin tó wà lókè òkun ràn wá lọ́wọ́ sí ju fífi hashtag ránṣẹ́ lọ ni owó dókítà tó máa ṣojú ẹbí níbi àyẹ̀wò òkú, torí ibẹ̀ ni owó ti máa ń tán.

Ìwé ẹ̀sùn yẹn, kí ni kí n kọ sínú ẹ̀, ta sì ni kí n kọ ọ́ sí?

Ẹ kọ ọ́ sí CP ìpínlẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí AIG (ọ̀gá àwọn CP) zone yín (Oníkan l'Ékòó ni ti Èkó àti Ògùn), Police Service Commission, National Human Rights Commission, àti DPP. Ojú ìwé méjì tó, ẹ má kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀. Orúkọ ẹni tó kú, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ẹ̀. Ọjọ́, wákàtí, ibi gan-an, ẹ sọ ṣọ́ọ̀bù tàbí báàsìtọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn. Àwọn ọlọ́pàá mélòó, téṣàn wo, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹni tẹ́ ò bá mọ orúkọ ẹ̀, ẹ sọ bó ṣe rí. Ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan fojú ara ẹ̀ rí, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́, ẹ má sì kọ àdírẹ́sì ẹlẹ́rìí sínú èyí tó ń lọ sí téṣàn, ẹ sọ pé ó wà lọ́wọ́ lọ́yà yín. Ibi tí òkú wà. Lẹ́yìn náà ohun tẹ́ ẹ fẹ́: kí wọ́n gba ìbọn àti ìwé arámúrì sílẹ̀, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú lójú ẹbí, kí wọ́n mú ẹni tó yìn ín, kí wọ́n gbé fáìlì lọ sọ́dọ̀ DPP.

Ẹ mú ẹ̀dà tiyín dání tẹ́ ẹ bá ń lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ní òǹtẹ̀ ò sí, ọ̀gá ò sí, ẹ padà lọ́la, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà míì ránṣẹ́ nípasẹ̀ kúríà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀.